Bí Wọ́n Ṣe Fìyà Kọ́ Mi Ní Gbígbọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ̀sùn ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ìyìn, kó ní sùúrù, ìyìn ń bọ̀, ṣùgbọ́n mi ò ní torí ìyìn gbàgbé ohun tí wọ́n ṣe fún mi.

Ẹ̀sùn kìíní ni orúkọ. Ọmọ Sábẹ̀ẹ́ ni mí, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Yorùbá ni bàbá mi, Yorùbá ni ìyá mi, Yorùbá ni wọ́n ń sọ lábẹ́ gbogbo àpáta tó yí ilé wa ká. Ọdún mẹ́rin péré ni mo gbé ní Kòtónù, ìwé ni mo sì lọ kà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ lanu ní Takie, ní àárín ìlú Ògbómọ̀ṣọ́, obìnrin tó ń ta káàdì fóònù wò mí láti òkè délẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé Ègùn ni yín ni àbí Àgànyìn?"

"Yorùbá ni mí."

"Yorùbá kẹ̀? Yorùbá ibo ló ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń kọrin báyìí?"

Kó tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo ti di Kòtónù. "Kòtónù, ẹ káàárọ̀ o." "Kòtónù, ṣé ẹ ti jẹun?" Wọn ò fi ìkà ṣe é, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n mo ti rò pé ilẹ̀ tí àwọn bàbá ńlá wa ti ṣí wá sí Sábẹ̀ẹ́ ni mo ń padà sí. Mi ò rò pé ilẹ̀ òkèèrè ni. Èdè kan náà, ilẹ̀ òkèèrè! Ó dùn mí ju kí n lọ sí Faransé lọ, nítorí ẹni tó lọ sí Faransé ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé àlejò lòun.

Ìdí tí mo fi kúrò nílé kò ju ẹyọ kan lọ. Ìyá àgbà mi, ìyá tó bí ìyá mi, ni ẹnì kan ṣoṣo tó kù tó mọ oríkì ilé wa délẹ̀. Lọ́dún tí mo gboyè, mo fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀. Nígbà tí mo dé ilé tí mo gbọ́ ọ, afẹ́fẹ́ ni mo gbọ́, alùpùpù ni mo gbọ́, mo gbọ́ ẹni tó ń ha ìdí ìkòkò. Ohùn ìyá àgbà wà nísàlẹ̀ gbogbo ẹ̀ bí ẹni tó jìn sí kànga. Àyà sì ti ń dùn wọ́n nígbà náà: gbólóhùn mẹ́ta, ikọ́ méjì. Mo ka ìwé nípa èdè fún ọdún mẹ́rin, mi ò lè mú ohùn ẹni kan ṣoṣo jáde láàárín ariwo. Ohun tó mú mi kúrò nílé nìyẹn: kí n mọ bí wọ́n ṣe ń gba ohùn sílẹ̀ kí àyà náà tó dákẹ́.

Ẹ̀sùn kejì ti wà ní Ọ̀yọ́, kí n tó dé Ògbómọ̀ṣọ́ rárá. Ibẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ti kọ́ṣẹ́, lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tí mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ó fi pálí ẹyin lẹ gbogbo ògiri sítúdíò rẹ̀, ó ní pálí náà ló ń mu ariwo. Oṣù mẹ́ta ni mo fi fọ mọ́tò rẹ̀. Ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ló kọ́ mi: "Bí ẹ̀rọ bá ti tan iná pupa, ó ti dùn nìyẹn." Gbogbo ohun tó bá gbà sílẹ̀ ló ń họ bí ẹní fi èékánná ha páànù. Mo bi í pé kí ló dé, ó ní etí Faransé ni mo ní.

Bí mo ṣe dé ọ̀dọ̀ Àlàájà Ṣìfáwù nìyẹn, ní ẹ̀yìn Takie, nílé tí kò ní àkọlé kankan lójú ọ̀nà. Obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún ni, ó máa ń wé gèlè kékeré lábẹ́ ìborùn, ohùn rẹ̀ kì í sì í sókè. Rédíò ló kọ́kọ́ ń tún ṣe, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gba ohùn sílẹ̀ fún àwọn oníwàásù, àwọn ọlọ́dẹ, àwọn akọrin ìjọ Onítẹ̀bọmi, ẹnikẹ́ni tó bá ṣáà ní ohùn. Mo fi ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí yunifásítì mi lé e lọ́wọ́. Ó kà á tán, ó ká a sí mẹ́rin, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi há abẹ́ sípíkà kan tó ń gbọ̀n lórí tábìlì. Sípíkà dákẹ́.

"Ó wúlò," ló wí. "Ẹ ṣé."

Ẹ̀sùn kẹta nìyẹn, mi ò sì tíì dárí rẹ̀ jì í.

Ọjọ́ mọ́kànlélógójì ni kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan máíkì. Mo kà á. Wáyà ni mo ń ká: kíká kan lọ sókè, èyí tó tẹ̀ lé e gba abẹ́, kí ó má baà lọ́. Tí mo bá fipá ká a, Àlàájà á tú gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, á ní wáyà ní bó ṣe máa ń fẹ́ sùn, ẹni tó bá yí i lọ́rùn, á gbẹ̀san lọ́jọ́ iṣẹ́. Ẹni tó ń kọ́ mi ní kíká ni Kàmọ́rù, ọkùnrin tó ti ránṣọ rí kó tó wá kọ́ṣẹ́. Mo fi ọdún márùn-ún jù ú lọ. Ṣùgbọ́n ó ti wà níbẹ̀ kí n tó dé, nítorí náà ọ̀gá mi ni. Ó máa ń rán mi létí.

"Kòtónù, ẹni tó o bá lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀gá là ń pè é."

"Wo ọjọ́ orí ẹ."

"Ọjọ́ orí? Ṣé ọjọ́ orí ló máa ká wáyà ni? Tú u, kó o tún un ká."

Lẹ́yìn wáyà, ó kan etí. Lójoojúmọ́, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, Àlàájà á ní kí n jókòó kí n di ojú.

"Kí lo ń gbọ́?"

"Fáànù."

"Kí ló kù?"

"Kò sí mọ́, mà."

"Fíríìjì ilé kejì ń kùn. Ẹnì kan ń gbálẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ìgbálẹ̀ ẹ̀ ti gbó. O ò gbọ́ ọ? Ìwé tó o kà, ojú lo fi kà á."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọ egungun. Mo padà sí yàrá mi, mo jókòó sórí fóòmù, mo di ojú mi pẹ̀lú ìbínú. Mo gbọ́ omi tó ń kán nínú gáráwà. Mo gbọ́ ọkọ àti ìyàwó tí wọ́n ń fi ohùn jẹ́jẹ́ jà lẹ́yìn ògiri. Mo gbọ́ ìlú kan tí ẹnikẹ́ni ò ti ń retí mi. Ó jẹ́ ohun ìyanu fún mi pé ariwo ló máa ń pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ níbi tí èèyàn ti dá wà.

Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni ìyá mi máa ń pè láti Sábẹ̀ẹ́.

"Ṣé wọ́n ti jẹ́ kó o fọwọ́ kàn án?"

"Kò tíì yá, ìyá."

"Kí wá lo ń ṣe ńbẹ̀?"

"Mò ń ká wáyà."

Lẹ́yìn náà á gbé fóònù sétí ìyá àgbà, èmi á sì gbọ́ èémí yẹn, tó ń lọ tó ń bọ̀ bí ẹni tó ń wọ́ ẹní nílẹ̀.

"Ṣé wọ́n ń fún ọ jẹun nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì?" Nàìjíríà ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀.

"Wọ́n ń fún mi, ìyá àgbà."

"Ṣé wọ́n ń sọ Yorùbá?"

"Wọ́n ń sọ ọ́. Wọ́n ní èmi ni mi ò sọ ọ́."

Wọ́n á rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín á di ikọ́, ìyá mi á gba fóònù.

Ní ọjọ́ kejìlélógójì, Àlàájà gbé ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ kékeré kan lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n lọ sí Ọjà Igbó, kí n gba ìró òkúta ọkùnrin tó ń pọ́n ọ̀bẹ wá, kò gbọ́dọ̀ sí ìró mìíràn níbẹ̀. Láàárín ọjà! Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo lọ tí mo gbé gbogbo ọjà padà wá: oníwàásù, ọlọ́kadà, obìnrin tó ń ṣépè fún oníbàárà. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló gbọ́ ọ tó sì pa á rẹ́. Ní ẹ̀ẹ̀karùn-ún, inú bí mi débi pé mo lóṣòó ti ọkùnrin náà, mo sún máíkì mọ́ òkúta rẹ̀ títí ó fi ku ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan, mo sì yí agbára ẹ̀rọ náà wálẹ̀.

"Bùrọ̀dá," ọkùnrin náà wí, "ṣé etí yín lẹ fẹ́ kí n bá yín pọ́n ni?"

Nígbà tí mo dé hẹ́dífóònù sétí, ọjà ti sá lọ. Irin àti òkúta ló kù. Mo dúró síbẹ̀, láàárín èrò, mo ń gbọ́ nǹkan kan ṣoṣo. Mi ò mọ̀gbà tí mo rẹ́rìn-ín. Àlàájà gbọ́ ọ dópin. Ó ní, "O ò rí i? Ìwọ lò ń jìnnà sí wọn." Mo ṣì ń ro ọ̀rọ̀ náà títí dòní. Mi ò mọ̀ bóyá máíkì nìkan ló ń bá wí.

Ìyìn tí mo ṣèlérí rè é. Mo ti rí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tí wọ́n ń kọ́ni. Mi ò rí ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ bíi ti Àlàájà rí. Tó bá wọ yàrá, á pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, á dúró, á gbọ́ bí àtẹ́wọ́ náà ṣe ń kú, á sì sọ fún ọ ibi tí olórin máa dúró sí. Mo bá a lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi kan: gbogbo akọrin dìde kí i, obìnrin Mùsùlùmí nínú ìborùn, ó sún bàbá olóhùn ìsàlẹ̀ sẹ́yìn ní ìgbésẹ̀ méjì péré, orin náà sì la bí ojú ọ̀run. Kò fi pálí ẹyin lẹ ògiri. "Pálí ẹyin, ẹyin ló wà fún." Fóòmù àtijọ́, aṣọ òkè tó ti gbó àti àpò ìrẹsì tó ki òwú sí ló gbé kọ́. Kí ó tó kúrò níbikíbi, á ní kí gbogbo èèyàn pa ẹnu mọ́, á gba ìdákẹ́jẹ́ ibẹ̀ sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, nítorí ìdákẹ́jẹ́ mọ́sálásí kì í ṣe ìdákẹ́jẹ́ ilé. Mi ò gbà á gbọ́, ó gbé méjèèjì fún mi gbọ́. Òótọ́ ni. Obìnrin yìí ò yìn mí lẹ́ẹ̀kan o. Kí wọ́n kọ ìyẹn sílẹ̀ náà.

Ó tó ọdún kan ó lé díẹ̀ kí ìyá mi tó pè ní ọjọ́ tí kì í ṣe Jímọ̀. Ó ní ìyá àgbà ò dìde lórí ẹní mọ́. Ó ní ohùn wọn ń lọ.

Mo wọlé tọ Àlàájà. Mo ní kó yá mi ní ẹ̀rọ kékeré náà àti máíkì tó dára, kí n gbé e lọ sílé. Ẹ̀rọ tó fi ń jẹun ni mò ń tọrọ láti gbé kọjá ẹnubodè, mo mọ̀. Ó wò mí títí.

"Màmá kan ń bọ̀ láti Ìkòyí-Ilé lọ́la. Ọmọ wọn tó ń ṣe tíṣà ní Ọ̀yọ́ ló ní ká gba ẹkún ìyàwó tí wọ́n máa ń sun sílẹ̀. Kò sí ẹni tó tún mọ̀ ọ́n sun bẹ́ẹ̀ mọ́. Ìwọ lo máa jókòó. Tó bá dára, gbé ẹ̀rọ lọ. Tí kò bá dára, kí lo fẹ́ lọ fi ṣe fún ìyá àgbà ẹ?"

Mi ò sùn dáadáa. Ìgbà tí màmá náà dé, mo ti to gbogbo nǹkan bí ìwé ṣe wí. Mo pa fáànù. Mo gbé wọn jókòó sínú yàrá kékeré tí a gbé fóòmù kọ́ sí ògiri rẹ̀, mo gbé máíkì sí iwájú ẹnu wọn, mo dé hẹ́dífóònù lé wọn létí, mo ti ilẹ̀kùn, mo lọ jókòó síwájú ẹ̀rọ lẹ́yìn dígí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kàmọ́rù. Àlàájà jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń fa tẹ̀sùbáà.

Ohùn màmá wọlé, ó nípọn, ó mọ́:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi."

"Ẹ ṣé o, màmá!" Èmi àti Kàmọ́rù jọ dáhùn. Ṣùgbọ́n bọ́tìnnì kan wà tí èèyàn gbọ́dọ̀ tẹ̀ kí ẹni tó wà nínú tó lè gbọ́ ọ. Mi ò tẹ̀ ẹ́. Ojú mi wà lára iná aláwọ̀ ewé tó ń fò sókè sódò. Inú mi dùn sí iná.

"Mo ní ẹ kú iṣẹ́ o."

Mo gbójú sókè, mo rí i pé wọ́n ń wò mí láti inú dígí. Mo na àtàǹpàkò sí wọn.

Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ kí ó yé yín. Ìyá tó lè bí ìyá mi kí mi lẹ́ẹ̀mejì, mo na àtàǹpàkò sí wọn.

Wọ́n ṣí hẹ́dífóònù kúrò létí jẹ́jẹ́, wọ́n gbé e sórí àga, wọ́n dìde.

"Ìkòyí ni mo ti wá o," wọ́n wí bí wọ́n ṣe ṣílẹ̀kùn. "Ọmọ Ẹ̀ṣọ́ ni mí. Wọn kì í fi ìka kí wa. Níbo ni bàtà mi wà?"

Kàmọ́rù ti dojú bolẹ̀ lórí tábìlì, èjìká ẹ̀ ń gbọ̀n. Mo wo Àlàájà. Kò gbójú sókè, tẹ̀sùbáà ló ń fà. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sójú ọ̀nà, kí bàtà má baà dé ẹsẹ̀ màmá.

"Ẹ má bínú, màmá. A dáhùn, ògiri ni kò jẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́. Ẹ jọ̀ọ́."

"Ìyẹn náà ni mò ń wí! Ògiri! Ẹkún ìyàwó, ìyá àti bàbá là ń sun ún fún. Wọ́n á jókòó, ọmọ á kúnlẹ̀, wọ́n á máa dá a lóhùn. O wá fi mí sínú ihò, o ti ilẹ̀kùn. Ta ni kí n sunkún fún? Fóòmù?"

Orí ilẹ̀ tí mo dojú bò ni ó ti yé mi. Ọ̀rọ̀ ohùn nìkan ni mo ti ń rò láti ọdún kan yìí wá. Mi ò rò ó pé ohùn ní ibi tó ń lọ.

Mo dìde. Mo ní, "Ọ̀gá Kàmọ́rù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi jókòó ti iná. Tó bá fẹ́ pupa, ẹ fà á wálẹ̀." Ẹ̀rín tán lójú ẹ̀, ó bọ́ sórí àga. Mo ṣí ilẹ̀kùn yàrá kékeré náà sílẹ̀ gbayawu. Mo gbé ẹní wá, màmá sì padà wá jókòó lé e. Mo sọ máíkì kalẹ̀, mo gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kí ó má dí ojú wọn. Mo wá jókòó síwájú màmá, mo ká ẹsẹ̀ kò.

"Ta ni ọ́?" wọ́n bi mí.

"Ìyá yín ni mí, màmá."

Kàmọ́rù tẹ bọ́tìnnì: "Ìyá ìyàwó, ẹ kú ìnáwó o!"

Màmá bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n fi ìborùn nu ojú. Nígbà tí wọ́n sì la ẹnu, wọ́n ti di ọmọbìnrin.

"Ìyá mi, mo wá gbàre kí n tó lọ.
Ẹsẹ̀ mi ti kan òde, ojú mi kù nínú ilé.
Wọ́n á kí mi níbi mò ń rè,
Wọn ò ní mọ orúkọ tẹ́ ẹ fi ń gẹ̀ mí.
Ẹ wúre fún mi, abiyamọ tòótọ́,
Kí ibi tí mo bá jókòó sí má pè mí lálejò títí."

"Àṣẹ," mo wí. Ohun tí ìyá gbọ́dọ̀ wí nìyẹn. Mo tún wí i. Nígbà kẹta kò jáde dáadáa mọ́. Ọdún kan ó lé, mi ò sunkún, kì í ṣe nígbà tí wọ́n pè mí ní Kòtónù, kì í ṣe nígbà tí wọ́n ká ìwé ẹ̀rí mi. Mo sunkún níwájú máíkì tó lè gbọ́ ìgbálẹ̀ ilé kejì.

Nígbà tí wọ́n parí, Àlàájà wọlé, ó dé hẹ́dífóònù, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

"Ohùn mọ́. Iná ò pupa. Yàrá ò dún." Ó ṣí etí kan. "Ta ló ń fa imú?"

"Èmi ni, mà."

"Ó wà níbi mẹ́fà. Màmá, ṣé ká yọ ọ́?"

"Ẹ yọ ọ́ kẹ̀?" màmá wí. "Ẹkún tí ìyá ò bá ọmọ sun, ẹkún àbùkù ni. Ẹ fi imú rẹ̀ sílẹ̀!"

Àlàájà bọ́ hẹ́dífóònù sílẹ̀. Ó lọ sídìí kọ́bọ́ọ̀dù, ó gbé ẹ̀rọ kékeré náà jáde, ó fi aṣọ wé e, ó gbé e lé mi lọ́wọ́, ó tún fi bátìrì mẹ́jọ kún un.

Ní Sábẹ̀ẹ́, ìyá àgbà ti fúyẹ́ lórí ẹní bí aṣọ tí wọ́n ká. Mo kí wọn títí wọ́n fi ní ó tó. Mo gbé ìyá mi jókòó síwájú wọn, nítorí òun ni ọmọ tí wọ́n máa kì. Mo sún máíkì mọ́ ẹnu wọn ní ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan. Ohùn tó jáde ò ju èémí lọ, ṣùgbọ́n ó jáde, ìyá mi ń dá a lóhùn, wọ́n sì kì í, láti ẹni tó kọ́kọ́ tẹ̀dó sábẹ́ òkè títí dé orí mi. Ikọ́ wà nínú rẹ̀. Ibi méjì ni wọ́n ti sùn lọ díẹ̀ tí wọ́n sì jí padà sórí ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀. Mi ò pa ẹ̀rọ náà.

Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n ní, "Ṣé ó ti wọlé?"

"Ó ti wọlé, ìyá àgbà."

"Jẹ́ kí n gbọ́."

Mo dé hẹ́dífóònù lé wọn létí. Wọn ò gbọ́ irú ẹ̀ rí láyé wọn. Ojú wọn la, wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì mú etí.

"Hà! Ohùn ìyá mi rè é," wọ́n wí. "Níbo lẹ ti rí wọn?"

Ìyá mi yanu láti ṣàlàyé. Mo mi orí fún un. Mo yí ohùn náà sókè díẹ̀, ìyá àgbà sì bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn.